Àádọ́ta Ọkùnrin Tó Bá Gowhar Búra

Gowhar kò fẹ́ owó ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà abúlé gbé odidi ṣúgà líle tí wọ́n fi máa ń pẹ̀tù síjà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó gbowó, kó jẹ́ kí Heybat wà láàyè, ó ju ṣúgà náà tẹ̀ lé wọn dé ojúde. "Ẹ lọ fi mu tíì nílé ìyá ẹ̀!" Ohun tó ń fẹ́ ni kí okùn wọ Heybat lọ́rùn, kí òun sì dúró níbẹ̀, kí òun fojú ara òun rí i.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí láyé ni Kuhyar, ipò opó ló sì wà tó fi tọ́ ọ dàgbà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú ojú omi tó ń bọ́ àwọn oko, orí rẹ̀ ti fọ́. Ṣọ́bìrì Heybat, tí oko rẹ̀ àti ti Kuhyar jọ pààlà, wà létí omi náà. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti bára wọn jà lórí ẹni tó kàn láti darí omi sóko rẹ̀. Lójú gbogbo èèyàn ni Heybat sì ti pe Kuhyar ní ọmọ tí obìnrin tọ́, tí kò mọ ìwà ọkùnrin. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Gowhar gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì, kò sì dà nínú rẹ̀ títí ọmọ fi kú.

Heybat ní láti àná ọjọ́ náà lòun ti gbàgbé ṣọ́bìrì òun síbẹ̀. Adájọ́ ní ṣọ́bìrì lásán kò tó láti fi pa èèyàn, ìfura ló jẹ́. Àmọ́ níbi tí ìfura bá wà, òfin ní ọ̀nà kan: kí ìyá olóògbé kó àádọ́ta ọkùnrin wá nínú àwọn ìbátan rẹ̀, kí wọ́n fi Kùránì búra pé ó dá àwọn lójú pé Heybat ló pa á. Kò di dandan kí wọ́n ti wà níbẹ̀. Kó ṣáà ti dá wọn lójú. Bí wọ́n bá ti pé, ẹ̀mí Heybat di ti Gowhar.

Wọn kì í ka obìnrin mọ́ ọn. "Èmi tí mo bí i ò kà," ni Gowhar wí, "àmọ́ Safar ìbátan wa tí kì í rántí orúkọ ìyàwó ẹ̀ kà!" Ó ti gé irun rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, ó so ó mọ́ òkúta ibojì ọmọ rẹ̀, ó wá ń ti ilé ìbátan kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá ń fì sẹ́yìn, Gowhar á tú ìborí rẹ̀, á nà án sí i. "Gba èyí wé, kó o bọ́ ṣòkòtò ẹ fún mi." Kò sí ọkùnrin tó gbọ́ ìyẹn tí kò lọ.

Ó wá ku ẹnì kan. Yadola ni, àbúrò rẹ̀ tó ń da ewúrẹ́ lórí òkè. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó jókòó, kò fọwọ́ kan tíì tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti yà kí àwọn èèyàn wa kí n tó débí. Mo bi Nazar pé ta ló sọ fún un pé Heybat ni. Ó ní Safar ni. Mo bi Safar, ó ní ẹ̀yin ni. Ilé tí mo yà sí, ẹ̀yin náà ni wọ́n ń dárúkọ."

"Ṣé o wá pè mí ní òpùrọ́ nínú ilé mi ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, ta ló sọ fún ẹ̀yin?"

Gowhar gbé ọwọ́ lé ikùn. "Ikùn mi. Ikùn tó gbé e ló sọ fún mi."

"Ikùn ò ríran, ẹ̀gbọ́n mi."

"Yadola! Nígbà tí ìyá wa kú, ta ló ń jẹ búrẹ́dì lẹ́nu fi sí ọ lẹ́nu? Ṣé mo bi ọ́ pé ta ló sọ fún mi pé ebi ń pa ọ́?"

Yadola sọ orí kọ́. Ó bu tíì náà mu, Gowhar sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ti tẹ̀ ẹ́.

Nílé ẹjọ́, adájọ́ kìlọ̀ pé ẹni tó bá búra lórí ohun tí kò mọ̀, ọrùn ara rẹ̀ ló fi okùn sí. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó padà. Wọ́n ń jáde síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé ọwọ́ lé Kùránì. "Wàláì, Heybat ló pa Kuhyar, ó dá mi lójú." Heybat kọ́kọ́ ń mi orí sí wọn. Nígbà tó kan Safar, tí wọ́n jọ máa ń yá ara wọn ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó kígbe pé, "Safar, ìwọ náà?" Safar kò wo ibi tó wà. Láti ìgbà yẹn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni Heybat ń wò. Ìbúra kọ̀ọ̀kan ń dùn mọ́ Gowhar bí omi tútù. Bí wọ́n ti ń búra lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà ṣánṣán sí i lórí àga.

Yadola ló kẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé adájọ́ ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Ìyá Kuhyar," ni adájọ́ wí, "ó ti di tiyín. Ẹ lè gbowó, ẹ lè dárí jì í, ẹ sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀."

"Ẹ̀mí ẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ má sì fi falẹ̀."

Níta, bí àwọn yòókù ti ń wọ ọkọ̀, Yadola di apá ìborí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Mo ti ta ọ̀run mi nítorí yín. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wa. Ẹ fi Ọlọ́run sọ òótọ́ fún mi: ṣé ẹ mọ̀ pé òun ni?"

Gowhar fa ìborí rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú ọmọ rẹ̀ wálé.

"Tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀," ló wí. "Mo kàn ń fẹ́ kó jẹ́ òun ni. Àmọ́ lónìí, àádọ́ta ọkùnrin fi Kùránì búra lójú mi pé òun ni. Ṣé gbogbo yín náà lẹ máa parọ́?"