Ẹnu Ẹsẹ̀ Àpótí

Ọ̀gá na ọwọ́ jáde láti abẹ́ àpótí, Gbẹ́nàgbẹ́nà sì fi sípánà lé e lọ́wọ́. Ìdùbúlẹ̀ ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá náà wà. Àpótí ńlá tí wọ́n fi jáàkì gbé sókè ti bo ara rẹ̀ dé ìbàdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni a ń rí, nínú bàtà aláwọ tí lẹ́búlẹ́bú pákó ti sọ di funfun. Ó yí nọ́ọ̀tì títí ó fi ké kín-ín. Ó tún yí i.

"Ó ti le, Ọ̀gá," ni Gbẹ́nàgbẹ́nà wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Ṣé ìwọ ni nọ́ọ̀tì ni?"

"Èmi kọ́. Àmọ́ ẹ ti ń yí èmi náà láti àárọ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa igi tí ó ń dè náà lára, bí ẹni tí ń yẹ ara ẹranko wò, ó sì fà sí nọ́ọ̀tì tí ó kàn.

Ẹsẹ̀ àpótí ni wọ́n ń pe irú igi bẹ́ẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ náà. Bàbá Ọ̀gá, tí ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ni ó kọ́kọ́ gé wọn, láti ara igi líle tí omi kì í tètè wọ̀. Abẹ́ àpótí ni a ń dè wọ́n mọ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí ìdí àpótí má baà kan ilẹ̀ tútù, kí eyín irin ọkọ̀ agbẹ́rù má sì baà dá a lu. A fi gírísì pa wọ́n nísàlẹ̀ kí wọ́n lè yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni a fi ń dè wọ́n, kì í ṣe ìṣó, nítorí pé wọn kì í bá ẹrù lọ gbé: bí àpótí bá ti gúnlẹ̀, oníbàárà a tú wọn, a dá wọn padà, wọn a sì tún gbé àpótí ẹlòmíràn. Àwọn kan wà nínú wọn tí ó ti rìn jìnnà ju ẹnikẹ́ni tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ.

Orí kan ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a fá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí imú ọkọ̀ ojú omi. Ẹnu ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ibi tí àpótí ń lọ ni ẹnu gbọ́dọ̀ kọjú sí, kí ó lè gun orí ohunkóhun tí ó bá pàdé. Orí kejì ni a gé ní ṣánṣán, kí ó lè di ilẹ̀ mú bí ọkọ̀ bá ń gun òkè tí ẹrù sì fẹ́ yọ̀ sẹ́yìn. Kò sí ohun tí ó ṣòro nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó dé lánàá yóò ti mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú.

Ẹ̀rọ tí Bàbá fi ń fá pákó ni ó wà nínú àpótí ti òní. Wọ́n ti tú gbogbo abẹ rẹ̀, wọ́n ti fi fóòmù há a láyìíká, wọ́n sì ti fi ọ̀rá tí ó nípọn wé e kí ìrì má baà mú un dípẹtà. Àbúrò Ọ̀gá ni ó ń kó o lọ sí ìlú mìíràn, ìrìn ọjọ́ méjì sí ibẹ̀, níbi tí ó ti gba ilé kan láti máa kan àpótí ti ara rẹ̀.

Nígbà tí ó wá sọ ọ́ fún Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pákó ni ẹ̀gbọ́n ń wọ̀n. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Mú ẹ̀rọ Bàbá. Ìpín rẹ nìyẹn. Máa lọ." Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá kàn wọ́n, Gbẹ́nàgbẹ́nà ni yóò rán, ìbáà jẹ́ pé àbúrò náà dúró níwájú rẹ̀ gan-an. Ọmọ yìí kò tíì lè dá bàtà wọ̀ nígbà tí bàbá wọn kú. Ìyá wọn ń rin ìrìn òwò kiri kí wọ́n lè rí jẹ, Ọ̀gá, tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì dàgbà tán, ni ó ń pọ̀n ọ́n wá sí ibi iṣẹ́. Inú àpótí tí kò tíì ní ìdérí ni ó ń tẹ́ ẹ sí, a sì máa kan ìṣó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ariwo òòlù ni ọmọ náà fi ń sùn.

Ìyá náà ti darúgbó nísinsìnyí. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbẹ́, abọ́ irin lórí itan rẹ̀, ó ń ṣa nọ́ọ̀tì àlòkù, èyí tí ó dára sí ọ̀tọ̀, èyí tí ó ti dípẹtà sí ọ̀tọ̀.

"Ọmọ mi àgbà," ni ó pè.

"Ẹ̀n, Màámi." Láti abẹ́ àpótí ni ohùn náà ti jáde.

"Ọkọ̀ ò ní pẹ́ dé. Bí ọmọ yìí bá lọ láìgbọ́ ohùn rẹ, ohùn wo lo rò pé á máa rántí níbẹ̀?"

"Ó mọ ohùn mi."

"Ó mọ̀ ọ́n. Bí èèyàn ṣe mọ ọ̀nà tí kò gbà mọ́ ló ṣe mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá tún fi sípánà bọ nọ́ọ̀tì. Ó mọ̀ pé òtítọ́ ni. Àbúrò rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a bá tì mọ́ ọn, a ti tì í nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá gbé e lọ lónìí pẹ̀lú ìdákẹ́ yìí láàárín àwọn méjèèjì, kò ní padà wá wò ó bóyá ó ti ṣí. Gbogbo èyí ni ó yé Ọ̀gá yékéyéké. Ohun tí kò yé e ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ó dè nọ́ọ̀tì ìkẹyìn, ó sì yọ jáde.

Ọkọ̀ akẹ́rù fi ẹ̀yìn wọlé, ó sì fi ìdí ti pèpéle tí ó wà níwájú ilẹ̀kùn ńlá. Pèpéle àti ilẹ̀ ọkọ̀ ga bákan náà. Dírẹ́bà sọ̀kalẹ̀, àbúrò Ọ̀gá sì tẹ̀ lé e, okùn lọ́rùn.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ẹ káàárọ̀, Àǹtí mi."

Ìyá dáhùn. Ọ̀gá ń nu ọwọ́. "Gbẹ́nàgbẹ́nà, sọ fún un pé kó má jẹ́ kí wọ́n to nǹkan kan lórí àpótí náà."

"Wọ́n ní kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n to nǹkan lórí rẹ̀."

"Sọ fún wọn pé mo ti gbọ́, mo dúpẹ́."

"Ọ̀gá, ó ní òun ti gbọ́, òun dú..."

"Ṣé mo ní etí mi di ni?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà yí padà sí àbúrò. "Wọ́n ní etí àwọn ò di." Ó wá sọ òòlù kalẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ dá mi sí. Iṣẹ́ igi ni bàbá mi mú mi lọ kọ́. Ẹni tó ń ṣe agbọ̀rọ̀sọ máa ń gba owó ọ̀tọ̀."

Wọ́n sọ jáàkì kalẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ iwájú àpótí. Àbúrò, dírẹ́bà àti Gbẹ́nàgbẹ́nà dì í mú. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn láti máa tọ́ ọ. Wọ́n fà á. Àpótí gbéra, ṣùgbọ́n ó ń ha ilẹ̀, ó ń dún ju bí ó ti yẹ lọ. Irin pẹlẹbẹ kan dábùú ẹnu ilẹ̀kùn, kò ga ju ìka ọwọ́ kan lọ, gbogbo ẹrù ilé iṣẹ́ náà ni ó sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí àpótí kan irin yìí, ó dún gbì, ó sì dúró. Wọ́n tún fà á. Ẹ̀yìn àpótí gbé sókè díẹ̀.

"Ẹ dẹ okùn," ni Ọ̀gá wí.

Okùn dẹ̀. Àpótí padà jókòó. Àbúrò kúnlẹ̀, ó gbé orí sí abẹ́ rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó nàró, ó sì ń wo òrùlé.

Ọ̀gá kò nílò láti bẹ̀rẹ̀. Láti ibi tí ó dúró sí, ní ẹ̀yìn àpótí, ó rí ẹnu ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́bàá bàtà rẹ̀, a fá wọn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n ń dán fún gírísì. Inú ilé ni wọ́n kọjú sí, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Nítorí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ni Ọ̀gá fi bá Gbẹ́nàgbẹ́nà wí lójú gbogbo òṣìṣẹ́ nígbà kan, títí ọkùnrin náà fi sọ pé òun yóò lọ máa ta ẹja.

"Èmi ni mo gbé wọn síbẹ̀," ni Gbẹ́nàgbẹ́nà wí. "Ojú mi ò ríran dáadáa láàárọ̀ yìí."

"Ìwọ lo gbé wọn wá. Èmi ni mo tò wọ́n, èmi ni mo sì dè wọ́n." Ohùn rẹ̀ kò yí padà.

"Ẹ jẹ́ ká tì í padà ná," ni àbúrò wí.

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé iwájú àpótí, ó tì í. Kò tilẹ̀ tì í tagbáratagbára. Àpótí yọ̀ wọ̀ọ̀, kò ha ilẹ̀, kò dún, ó sì lọ dúró sí ojú ibi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ gẹ́ẹ́.

Ìyá dá iṣẹ́ nọ́ọ̀tì dúró. "Ẹ wò ó bó ṣe wọlé," ni ó wí. "Kò bá ẹnì kankan jà."

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo Ọ̀gá, ó wo àbúrò, ó sì fa dírẹ́bà lápá. "Dírẹ́bà, wá fi táyà ọkọ̀ rẹ hàn mí."

"Kí ló ṣe táyà?"

"Ohun tí mo fẹ́ lọ wò nìyẹn."

Wọ́n jáde. Ọ̀gá ti ń fi jáàkì gbé àpótí sókè. Ó dùbúlẹ̀ sí apá ọ̀tún, àbúrò rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí apá òsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì. Àlàfo tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì fi ojú wọn han ara wọn.

"Àǹtí mi."

Ọ̀gá ń yí sípánà.

"Mi ò bínú, mi ò sì fẹ́ fi gàn yín. Ẹ kàn sọ ọ́ fún mi lẹ́nu. Tí ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. Màá ní kí dírẹ́bà máa lọ, a ó gbé ẹ̀rọ padà síbi tó wà, ọ̀rọ̀ tán."

Ọ̀gá mọ̀ pé kò purọ́. Kì í ṣe ẹni tí ń fi ẹnu lásán tu ènìyàn nínú. Yóò dúró, yóò máa wá lárààárọ̀, yóò máa di apá kejì pákó mú, kò sì ní mẹ́nu kan ìlú kejì náà mọ́ láéláé. Gbólóhùn kan péré ni yóò ná Ọ̀gá. Gbólóhùn náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ pẹ́, ó wúwo bí irin.

"Ilé tí o gbà yẹn," ni ó wí, "ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Àbúrò gbé ojú sí i. Òun ni ìbéèrè náà bá wí, kì í ṣe Gbẹ́nàgbẹ́nà. "Sìmẹ́ńtì ni."

"Ṣé omi kì í ru sókè nínú rẹ̀?"

"Lápá ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀."

"Má gbé ẹ̀rọ sápá ẹ̀yìn."

"Mi ò ní gbé e síbẹ̀."

"Ta ló máa di apá kejì pákó mú fún ọ?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló máa dì í mú fún yín?"

"Gbẹ́nàgbẹ́nà."

"Ó máa ń sọ̀rọ̀ jù."

"Ó máa ń sọ̀rọ̀ jù," ni Ọ̀gá wí, ẹ̀rín díẹ̀ sì bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu kí ó tó mọ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sílẹ̀. Ó fà á jáde, ó yí i padà, ó fi ọwọ́ tọ ẹnu rẹ̀ láti rí i pé ojú rẹ̀ kò tíì họ. Ó dá a dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lórí àyà rẹ̀, bí ẹni tí ó gbé ọmọ. Lẹ́yìn náà ó tì í bọ abẹ́ àpótí, ẹnu rẹ̀ síwájú, sí ìhà ilẹ̀kùn.

"Fún mi ní bóòtù," ni ó wí.

Àbúrò na bóòtù sí i láti ìhà kejì. Kò tún béèrè ohunkóhun. Ó fa ẹsẹ̀ tirẹ̀ jáde, ó sì yí i padà bákan náà.

"Tí mo bá dé ọ̀hún, màá tú wọn, màá fi wọ́n rán ọkọ̀ tó bá ń bọ̀."

"Má fi wọ́n rán ọkọ̀."

"Kí wá ni kí n ṣe sí wọn?"

"Gbé wọn wá fúnra rẹ. Àwọn onímọ́tò ò mọ bí wọ́n ṣe ń to igi." Ó yí nọ́ọ̀tì. "Kí n sì rí bó o ṣe rí."

Nígbà tí Gbẹ́nàgbẹ́nà padà wọlé, ó ní táyà dára, ó kàn dúdú ni. Kò sí ẹni tí ó rán an ní ọ̀rọ̀ kankan mọ́, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Wọ́n tún so okùn. Àpótí gbéra láìdún. Ó kan irin ẹnu ọ̀nà, ẹnu ẹsẹ̀ méjèèjì gùn ún, ó sì gorí pèpéle. Ìyá gbé abọ́ nọ́ọ̀tì kúrò lórí itan, ó dìde, ó sì wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá wà lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lára àpótí. Ó ń wo ìlà tí gírísì ń fà sílẹ̀, bóyá ó tọ́. Àbúrò rẹ̀ ti fò wọ inú ọkọ̀ láti gba ẹrù. Ó ń wọ́ fóòmù sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àpótí yóò jókòó sí. Dírẹ́bà ń di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Gbẹ́nàgbẹ́nà sì ń sọ ìtàn táyà fún Ìyá. Àpótí kò dúró. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, ó kúrò lórí pèpéle, ó ń wọ inú ọkọ̀ lọ.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá rí okùn. Ó wà nílẹ̀, ó dẹ̀, kò sí ẹni tí ó dì í mú. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lára pákó, òun nìkan ni ó ń tì í lọ, kò sì mú un kúrò.