Wọ́n Ní Edith Kò Sí Nílé

Inú ń bí mi, kí ẹnikẹ́ni má sì wá bẹ̀ mí. Láti oṣù karùn-ún ló ti ń bí mi. Mò ń gbé ìbínú náà lọ síbi iṣẹ́, mò ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mo sì ń gbé e padà wálé. Pásítọ̀ ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní mo ti gbọ́, sà. Mo wọ mọ́tò mi, mo sì fi agbára pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé débi pé àwọn ọmọ mi wo ojú ara wọn.

Ọ̀rọ̀ Edith ni. Ọmọ ilẹ̀ Argentina ni Edith, láti ìlú kan tó ń jẹ́ Rafaela, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ta ẹran màlúù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ju hámà. Kì í ṣe hámà tí kápẹ́ńtà fi ń kan ìṣó o. Irin róbótó kan ni, ó wọn kílò mẹ́rin, wọ́n so ó mọ́ wáyà, wọ́n sì ṣe ibi ìdìmú sí ìdí wáyà náà. Ẹni tó bá fẹ́ jù ú á dúró nínú òbìrìkìtì kan tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, á yí po lẹ́ẹ̀mẹrin, á sì tú u sílẹ̀ pẹ̀lú igbe. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ wò ó ní pápá kan nítòsí Lithonia, igbe yẹn bà mí lẹ́rù. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ké e láti ẹ̀gbẹ́ pápá.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí yunifásítì kan ní Georgia mú un wá síbí nítorí hámà, ọdún kẹrìndínlógún rẹ̀ nìyí tó ti ń jù ú kiri ayé. Ó ti gba wúrà lẹ́ẹ̀kan àti idẹ lẹ́ẹ̀mejì níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù Amẹ́ríkà. Níbi ìdíje gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ipò kẹrin ló ṣe. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá ni ẹni kẹta fi jù ú lọ. Ó fi ìka méjì wọn sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá fún mi, kò gùn tó ṣíbí ọbẹ̀ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dé ìdíje àgbáyé, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kó jù ú, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni irin náà kọlu nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ta yí òbìrìkìtì náà ká. Wọn ò kọ nǹkan kan sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń wá ọ̀nà láti padà lọ kí wọ́n lè rí nǹkan kọ síbẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, ó ju mítà méjìléláàádọ́rin. Kò jù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Lẹ́tà dé pé orúkọ rẹ̀ ti wọlé fún ìdíje àgbáyé ti oṣù kẹsàn-án. Nínú kíṣìnnì mi ló ti kà á lórí fóònù, ó sì gbé mi kúrò nílẹ̀, èmi tí mo tóbi tó báyìí. Ẹni ọdún márùndínlógójì ni. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò sí òmíràn lẹ́yìn èyí.

Bó ṣe dé kíṣìnnì mi kò ṣòro. Physiotherapist ni mí ní ilé ìwòsàn kan, Edith sì máa ń jókòó sí front desk wa lọ́sàn-án. Duluth ló ń gbé tẹ́lẹ̀, ó ń wakọ̀ wákàtí kan lọ, wákàtí kan bọ̀. Mo ní kó wá máa gbé nínú basement wa ní Redan, ó ṣáà ṣófo. Láàárín oṣù méjì ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó sì ti ń jẹ ata ju àwọn ọmọ mi lọ.

Ohun kan wà tó rọ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀. Àwọn kan wà tó ń yẹ àwọn eléré ìdárayá wò nítorí àwọn tó ń lo oògùn láti fi gba agbára. Ojoojúmọ́ ni eléré gbọ́dọ̀ kọ wákàtí kan sílẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti lè bá a. Wọ́n lè má wá fún oṣù mẹ́rin, wọ́n sì lè dé lọ́la láìsọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ní kó tọ̀ sínú ife níṣojú àwọn. Bí wọn ò bá bá a, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, ìyà rẹ̀ ni pé kò ní ju hámà fún ọdún méjì. Wọ́n ti kọ méjì sílẹ̀ fún Edith. Àkọ́kọ́, ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ pẹ́. Ìkejì, ó kó wá sílé wa, ó gbàgbé láti yí àdírẹ́sì padà. Ó ní ẹ̀bi òun ni ìkejì yẹn, kò sì dì í ru ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, aago mẹ́fà sí méje àárọ̀ ló mú. Lójoojúmọ́, aago mẹ́fà kì í lù kó má ti jókòó sí pálọ̀ mi, lórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, tòun ti ife omi lọ́wọ́ kí ìtọ̀ má baà wọ́n. Mo pe gbogbo ilé jọ, mo ṣàlàyé fún wọn. Ọkọ mi, Babáfẹ́mi, wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wa méjèèjì wà níbẹ̀, Baba Túnmiṣe náà sì wà níbẹ̀. Mo ní bí ẹ bá rí ẹnikẹ́ni tó gbé báàgì dé ní ìdájí, ẹ ké sí Edith. Baba Túnmiṣe mi orí. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, Ìyàwó."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Baba Túnmiṣe. Wọ́n wá láti Ìbàdàn fún graduation Túnmiṣe ọmọ wọn, àwọn immigration fún wọn ní oṣù mẹ́fà, wọ́n ti lo ọdún méjì báyìí. Túnmiṣe ń gbé ní Houston, ó ń du ìwé ìgbélùú bàbá rẹ̀, ìwé náà kò sì tíì bọ́ sí i. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wà. Ẹ wò ó, bí inú ṣe ń bí mi tó yìí, "wọ́n" náà ni mo ṣì ń wí, ẹnu mi kò gbà láti wí òmíràn.

Òfin kan sì wà nílé wa tó ti wà kí Edith tó dé. Nílé àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níhìn-ín, bí ẹni tí a kò mọ̀ bá tẹ aago ẹnu ọ̀nà, tó béèrè èèyàn, ẹni náà kò sí. Kò gbé ibẹ̀. A ò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́rin. Èmi fúnra mi ti sọ fún obìnrin kan pé kò sí Monísọ́lá nílé yìí rí, ó sì gbé òdòdó ọjọ́ ìbí mi padà lọ. A fi rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mò ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Edith fún wọn, kò wá sí mi lọ́kàn pé òfin tí a ti ń pa mọ́ látọjọ́ yìí lágbára ju ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, mo ti lọ síbi iṣẹ́, ọkọ mi náà ti lọ, àwọn ọmọ ṣì ń sùn. Aago márùn-ún ni Baba Túnmiṣe máa ń gbàdúrà ní pálọ̀, ṣùgbọ́n oorun gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́fà ti kọjá kí wọ́n tó jáde, wọ́n sì bá Edith lórí àga. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó fún àwọn láyè díẹ̀, àwọn fẹ́ dá bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Edith tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ sí basement, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kó lè gbọ́ bí aago bá dún. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí Baba Túnmiṣe ṣe ń de Sátánì mọ́lẹ̀ rí mọ̀ pé kò sí aago tí etí lè gbọ́ mọ́ ọn.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni email dé ọ̀dọ̀ Edith: wọ́n wá, wọn ò bá a. Ó wá bá mi nídìí bẹ́ẹ̀dì tí mo ti ń na ẹsẹ̀ aláìsàn, ojú rẹ̀ funfun. Mo délé, mo bi Baba Túnmiṣe bóyá ẹnì kan wá láàárọ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó wá. Mo tún bi wọ́n. Wọ́n ní ṣé mò ń pe àwọn ní òpùrọ́ ni. Mo wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ṣí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà wa lórí fóònù.

Ọkùnrin òyìnbó kan àti obìnrin dúdú kan ló wá, káàdì wà lọ́rùn wọn, báàgì wà léjìká. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Ojú Baba Túnmiṣe yọ, Bíbélì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi òyìnbó sọ pé kò sí Edith nílé yìí, pé àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àwọn nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ilẹ̀kùn padé. N kò tíì ka dé márùn-ún tí mo fi gbọ́ ohùn wọn látinú ilé, àdúrà ti ń bá a lọ. Àwọn àlejò náà padà wá tẹ aago lẹ́ẹ̀mejì sí i kí aago méje tó lù, ohùn àdúrà náà nìkan ló dá wọn lóhùn. Mo jókòó sórí ìdérí tọ́lẹ́ẹ̀tì, mo tún wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo fi fídíò náà han Baba Túnmiṣe. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní káàdì ọrùn wọn làwọn rí, àwọn rò pé immigration ni. Wọ́n ní àwọn rò pé Edith náà kò ní ìwé, pé ńṣe làwọn ń gba ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi wá purọ́ fún èmi. Wọ́n gbé Bíbélì wọn, wọ́n wọ yàrá lọ. Mo sọ fún Edith ohun tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un pé fídíò wà. Mo sọ fún ara mi pé mo fẹ́ kí ọkọ mi kọ́kọ́ rí i ni.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún Edith láti ṣàlàyé. Èmi ni mo bá a kọ lẹ́tà, pé ó wà nílé, pé àlejò mi kan ló lé wọn. Èsì wọn kò gùn: ta ni àlejò náà, ṣé ó lè fọwọ́ síwèé, ṣé ẹ̀rí wà? Edith lọ bẹ Baba Túnmiṣe pé kí wọ́n fọwọ́ síwèé. Wọ́n kọ̀. Ó padà wá bá mi, ó ní ẹ̀rù ń bà wọ́n, òun náà mọ bí ẹ̀rù yẹn ṣe rí, òun ò lè fi tipátipá mú wọn. Ó wá bi mí ní jẹ́jẹ́ pé ṣé kámẹ́rà tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò rí nǹkan kan. Mo ní mà á wò ó.

Babáfẹ́mi ti wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Mónì, ojú Bọ̀dá ló wà níbẹ̀ clearly. Wọ́n tún sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn pé ibí làwọn ń gbé. Tó bá ti wọ file ẹnikẹ́ni, ó tán." Ó ní bí wọ́n bá dá wọn padà, kí ni òun fẹ́ sọ fún ìyá òun. Mo bi í pé kí ni èmi fẹ́ sọ fún Edith. Ó ní Edith ṣì lè ṣe nǹkan mìíràn, ṣé hámà náà ni gbogbo ayé ni. Ìkòkò ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà tó sọ ọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Mo sọ fún un pé ọdún mẹ́rìndínlógún ni, pé mà á fi fídíò náà ránṣẹ́ lọ́la, kó lọ bá ìyá rẹ̀ sọ èyí tó bá wù ú.

Lọ́jọ́ kejì, Baba Túnmiṣe wọ kíṣìnnì wá bá mi. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Wọ́n yọ sílípà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì, níwájú èmi ìyàwó àbúrò wọn. Àyà wọn kan ilẹ̀.

"Ìyàwó, má jẹ́ kí wọ́n wá mú mi."

Mo figbe ta. Mo ní, "Ẹ dìde, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ré." Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo ń fà wọ́n lápá, wọn ò dìde. Babáfẹ́mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, kò wá bá mi gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n lóòótọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àgbà tó ti jẹ́ àgbà nínú ilé fún ogójì ọdún mọ ohun tó ń ṣe bó bá dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó ilé. Ó mọ̀ pé kò sí ẹsẹ̀ tí ìyàwó náà á fi rìn kọjá lára òun.

Wọn ò dìde títí mo fi mú fóònù mi. Mo pa fídíò náà rẹ́ níṣojú wọn. Fóònù bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni o. Kì í ṣe Babáfẹ́mi, kì í ṣe Baba Túnmiṣe. Àtàǹpàkò mi ni.

Mo sọ fún Edith pé bátìrì kámẹ́rà náà ti kú láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ó gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ó tún ń tù mí nínú pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Nínú oṣù kẹfà, ìwé dé: ọdún méjì. Bó bá fi máa pé, á ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ó ka ìwé náà tán, ó lọ sí pápá, ó ju hámà títí ilẹ̀ fi ṣú, John tó jẹ́ kóòṣì rẹ̀ sì dúró tì í.

Oṣù keje ló padà sí Rafaela. Baba Túnmiṣe bá a gbé àpótí rẹ̀ sínú mọ́tò, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n gbàdúrà gígùn fún un, ó sì kúnlẹ̀ fún wọn. Èmi ni mo gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Kò sunkún lójú ọ̀nà. Ìgbà tí a dúró sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọn kì í jẹ́ kí mọ́tò pẹ́, ló wá dì mọ́ mi, apá tó fi ń ju irin yẹn mú mi le débi pé n kò lè mí. Ó ní nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èmi nìkan ni ẹni tó jà fún òun, òun ò sì ní gbàgbé rẹ̀ láéláé, ó ṣeun.

Mo ní kò tọ́pẹ́.