Ẹ̀yìn Ẹni Tí Àbúrò Mi Lọ Dúró Sí

Àbúrò mi ló tà mí. Kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe ẹni tá a jọ ń dupò. Àbúrò mi ọmọ ìyá ni, tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn mi fẹ́ tẹ̀, tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé àwọn tí àna wọn burú ni wọ́n ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ lè bá mi bínú dáadáa.

Ilé-ìwé ọmọbìnrin ni ilé-ìwé wa, inú ọgbà la sì ń gbé. Bí wọ́n ṣe ń yan olórí akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ níbòmíràn. Àwọn méjì tó ń dupò á wọ gbọ̀ngàn, wọ́n á kọjú sí ògiri débi pé imú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. Gbogbo ilé-ìwé á wá máa tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́, kíláàsì kan lẹ́yìn òmíràn, látorí àwọn àgbà wá sórí àwọn kékeré. Olùkọ́ á kà wọ́n, wọ́n á tú ká, ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì tó lè yíjú padà. Ìdí ni pé olórí kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó yàn án àti ẹni tí kò yàn án, kó má baà ṣe ojúsàájú. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ yíjú kí wọ́n tó ní kó yíjú.

Ojúsàájú gan-an ni mo kórìíra jù láyé. Adájọ́ ni wọ́n ń pè mí ní ilé-ìwé, inú mi sì máa ń dùn sí i. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti jẹ́ olórí ilé ìsùn kẹta, ibùsùn onírin mẹ́rìnlélógún, méjìlá lápá ọ̀tún, méjìlá lápá òsì. Ẹni tó bá ṣì wà lórí ibùsùn lẹ́yìn agogo, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé àwọn tó rú òfin. Ọ̀rẹ́ mi pẹ́, mo kọ ọ́. Èmi fúnra mi pẹ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ibà ń ṣe mí, mo kọ ara mi. Odindi oṣù kan ni wọ́n fi ìyẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé mo ṣe ti lágbájá ju ti tàmẹ̀dò lọ.

Ẹni tá a jọ ń dupò ni Ẹ̀rín. Orúkọ tí wọ́n fún un nìyẹn nítorí pé kò sóhun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín, títí kan ìbáwí. Ilé ìsùn rẹ̀ máa ń rí wúruwùru. Ìwé tirẹ̀ kò ní ju orúkọ márùn-ún lọ láti ọdún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe áńgẹ́lì.

Mo fẹ́ ipò yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín. Kò sẹ́ni tó di olórí ohunkóhun rí nínú ìdílé wa. Aránṣọ ni màmá mi. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù pé àwa méjì ló kù, ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró kó lè gbọ́ mi dáadáa. Mi ò rántí ìgbà tó dá a dúró fún ẹnikẹ́ni rí, oníbàárà ò sì kúrò lọ́rùn rẹ̀ rárá.

Ọdún yìí ni àbúrò mi wọlé sí kíláàsì kìíní. Kékeré là ń pè é nílé, Kékeré náà ni wọ́n ń pè é níbí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Wọ́n fi í sí ilé ìsùn mi, ibùsùn kẹta lápá òsì. Lọ́jọ́ tí màmá wa mú un wá, ó fa ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìwọ ni ìyá rẹ̀ níbí o." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí agogo àárọ̀ tó lù, ẹnì kan rọra fọwọ́ kàn mí léjìká. Kékeré ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní, "Àǹtí mi, mo tọ̀ sílé."

"Ta ló mọ̀?"

"Ẹ̀yin nìkan."

Òfin wà lórí ìyẹn. Ẹni tó bá tọ̀ sílé á gbé fóòmù rẹ̀ lọ sá sórí ògiri kúkurú tó wà níwájú yàrá ìjẹun, orúkọ rẹ̀ á sì wọ ìwé. Mi ò mọ ẹni tó ṣe òfin náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ mẹ́ta nínú ilé ìsùn mi ti gbé tiwọn níṣojú gbogbo ayé, èmi ni mo sì ní kí wọ́n gbé e. Ọ̀kan nínú wọn sunkún débi pé kò lè jẹun àárọ̀. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo àwọn yẹn, tí mo bá rọra yí fóòmù ọmọ ìyá mi padà, tí mo da páúdà sí i? Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo ní tèmi á gbẹ́ ẹ.

Mo ní, "Kékeré, o mọ òfin."

Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó rí i tí mo fa ìwé yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò bẹ̀ mí. Ìyẹn yà mí lẹ́nu, torí nílé, bí Kékeré bá fẹ́ nǹkan, ó lè bẹ òkúta títí òkúta á fi gbà. Agogo lù, àwọn ọmọ jí, ó gbé fóòmù karí. Fóòmù náà tóbi jù ú lọ, ó bò ó lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan là ń rí bó ṣe ń la pápá kọjá. Gbogbo àwọn tó tò fún búrẹ́dì àti tíì ló ń wò ó. Ó dùn mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò kúrò níbi tí mo dúró sí, torí bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe dúró fún tàwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Màmá Kọ́kọ́rọ́, obìnrin tó ń bójú tó gbogbo ilé ìsùn. Ó gbá mi léjìká pẹ́pẹ́, ó ní irú mi ṣọ̀wọ́n. Láti ẹnu rẹ̀ ló ti dé etí ọ̀gá ilé-ìwé. Nígbà tó di Mọ́ńdè, níwájú gbogbo wa, ọ̀gá dúró lórí pèpéle, ó ní, "Olórí tí kì í wojú ni mò ń wá. Ọ̀kan wà láàárín yín tó jẹ́ pé àbúrò tirẹ̀ ló tọ̀ sílé, kò sì bò ó. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Orí mi wú. Mi ò wo ibi tí kíláàsì kìíní tò sí.

Láti ọjọ́ yẹn, Kékeré kò dá mi lóhùn ju "bẹ́ẹ̀ ni, mà" lọ. Mo rò pé ọgbọ́n ló ń wọ inú rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ọjọ́ tá a máa yan olórí pé. Èmi àti Ẹ̀rín kọjú sí ògiri, mo sì ń gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀dà. Ẹni tó bá kọjú sí ògiri pẹ́, etí rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ ojú. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, mò ń gbọ́ èémí wọn lẹ́yìn mi, mo sì mọ̀ pé ìlà mi gùn. Ọkàn mi balẹ̀.

Ó wá kan kíláàsì kìíní, ọgbọ̀n ọmọ. Olùkọ́ ní kí wọ́n bọ́ síta. Kò sẹ́ni tó mira. Olùkọ́ tún un sọ. Mo gbọ́ tí ọmọ kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí Kékeré máa lọ." Ìgbà yẹn lèmi náà rẹ́rìn-ín sí ògiri. Mo ní ó parí. Ṣebí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ó bọ́ sí àárín, ó dúró díẹ̀, ó tún ń lọ. Kò wá sọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn yòókù tí wọ́n ń rọ́ tẹ̀ lé e.

Èmi Adájọ́, mo yíjú padà kí wọ́n tó ní kí n yíjú. Mo rí i. Ó dúró lẹ́yìn Ẹ̀rín, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tò tẹ̀ lé e, ó ń wò mí. Kò gbójú kúrò.

Ẹ̀rín fi mẹ́rìnlélógún jù mí lọ. Ẹ bá mi yọ ọgbọ̀n ọmọ yẹn kúrò, èmi ni mo fi mẹ́fà ṣíwájú. Mo ṣe ìṣirò yẹn tó ìgbà ogún lọ́jọ́ náà, kò yí padà.

Lọ́sàn-án, mo ká a mọ́ ibi ìfọṣọ. Ìbọ̀sẹ̀ ló ń fọ̀.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Ó ń fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lọ.

"Mo ní kí ni mo ṣe fún ẹ? Màmá wà nílé, ó ń retí ìpè mi. Kí ni kí n sọ fún un? Pé ọmọ ẹ̀ ló dìtẹ̀ mọ́ mi?"

"Ẹ sọ fún un pé mi ò ṣojúsàájú," ó ní.

Mo gbọ́wọ́ sókè, mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. "Òfin ni mo tẹ̀ lé, Kékeré. Àwọn mẹ́ta ti gbé tiwọn kó tó kàn ẹ́. Ṣé kí n wá bo tìẹ ni?"

"Tàwọn yẹn, ẹ̀yin lẹ fojú ara yín rí i. Tèmi, ta ló sọ ọ́ fún yín?"

Ó bu omi sí ìbọ̀sẹ̀ náà.

"Èmi ni mo wá jí yín. Kì í ṣe olórí ilé ìsùn ni mo wá jí, ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá jí." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. "Ká ní mo mọ̀ pé òun kọ́ ló sùn síbẹ̀ ni, ǹ bá dákẹ́, ǹ bá sùn lórí ẹ̀ títí á fi gbẹ."

Ó fún ìbọ̀sẹ̀ náà, ó sá a, ó bá tirẹ̀ lọ.

Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi. Bó bá fẹ́ bá mi jà, ṣé kò lè bá mi jà ní yàrá ni, àfi níwájú gbogbo ilé-ìwé? Bí mo ṣe rò ó tán báyìí ni mo rántí pápá, mo rántí pèpéle, ọ̀rọ̀ náà sì kú mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n ní bí wọ́n bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, wọ́n á fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì tèmi, ìwé ló dì mú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n yan Ẹ̀rín, mo jí kí agogo tó lù. Lórí ibùsùn kẹta lápá òsì, irin nìkan ló kù. Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Kékeré ti dé àárín pápá pẹ̀lú fóòmù lórí. Kò tíì sẹ́ni tó jí. Mo lé e bá, mo di etí fóòmù náà mú látẹ̀yìn.

"Kékeré, jẹ́ ká dá a padà. Kò sẹ́ni tó rí ẹ. Màá bá ẹ fọ̀ ọ́, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó dúró. Mi ò rí ojú rẹ̀, fóòmù bò ó.

"Ẹ má ṣe wàhálà, mà," ó ní. "Mo ti kọ orúkọ mi sínú ìwé yín kí n tó jáde."

Mo fi fóòmù náà sílẹ̀. Ó gbé e dé orí ògiri, ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó wá jókòó tì í, ó ń retí agogo. Ohun yòówù tí ì báà ṣe é láti òní lọ, kò tún ní jí mi mọ́.