Kámẹ́rà Ò Rí I Nígbà Tó Jáde

Glenys fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìwé ìtanràn náà mọ́ tábìlì, tíì inú ife Clive sì ta sílẹ̀.

"Àwọn aláìnítìjú! Ọjọ́ tí àbúrò mi kú gan-an? Ojú kì í tilẹ̀ ti àwọn tó gba iṣẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ọsíbítù yẹn ni?"

Clive nu tábìlì. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n sin Noreen, ìyàwó rẹ̀, ilé sì ti dà bí ilé onílé lójú rẹ̀. Ìwé náà kò fepo bọyọ̀: ọkọ̀ rẹ̀ wọlé láàárọ̀, kò jáde títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì ti kọjá àkókò tí wọ́n fàyè gbà. Irọ́ ni. Ọkọ̀ náà jáde lọ́sàn-án, ó sì padà wá. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ni kò rí ti ọ̀sán, ó wá so ìgbà méjèèjì tí ọkọ̀ náà wá pọ̀ di ọ̀kan.

Clive fúnra rẹ̀ ló wà á lọ sí oko kékeré tó yá lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́yìn ojú irin, ó lọ bomi rin tòmátì. Tòmátì! Ẹ gbọ́ ná. Oòrùn mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn kọ́ ló lé e jáde. Èémí Noreen, tó ń dá dúró, tó tún ń bẹ̀rẹ̀, ni kò lè fara dà mọ́. Nígbà tó fi máa padà, wọ́n ti ṣí fèrèsé yàrá náà, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣe tí aláìsàn bá ti kú. Glenys sáré dé láti Wales, ó bá a lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó dì mọ́ ọn, ó ní, "Ọlọ́run ṣeun, ìwọ wà níbẹ̀." Clive kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó ń kú lọ kì í sanwó ìgbọ́kọ̀sí ní ọsíbítù yẹn," ni Glenys wí. "Lọ́la, à ń lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀."

"Jẹ́ kí n sanwó náà, Glenys. Jọ̀ọ́."

"Sanwó kẹ̀? Ṣé orí ẹ pé? Clive, mi ò lè débẹ̀ kó tó kú. Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí n rí oorun sùn ni pé o di ọwọ́ ẹ̀ mú. Wọn ò ní sọ ìyẹn di ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹ lọ́rùn."

Ojú ara rẹ̀ tì í gan-an. Ó mọ Glenys: bó sanwó, bí kò sanwó, obìnrin yìí á dé wọ́ọ̀dù náà, ẹnu àjèjì ni yóò sì ti gbọ́ ọ.

"Kámẹ́rà yẹn ṣàṣìṣe," ló wí. "Mo jáde. Mo lọ bomi rin tòmátì. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó kú."

Glenys kò pariwo. Ó rọra jókòó, tòun ti kóòtù lọ́rùn.

"Ta ló wá wà lọ́dọ̀ ẹ̀?"

Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì kan. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ẹnì kankan. Látọjọ́ náà, bí àṣírí rẹ̀ kò ṣe ní tú nìkan ni Clive ń rò.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Mi ò béèrè."