Kògbẹ̀bẹ̀ Dọ̀bálẹ̀

Kò sí awakọ̀ kan ní gáréèjì Ore tí kò gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ni Gàzálì wò tó fi ya Kògbẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ ní tòun ni. Ẹni tó ga ní tòun ni. Ẹni tó kúrú, tí ojú rẹ̀ méjèèjì sì ń ríran, ní ńṣe ni Gàzálì dọ́gbọ́n bo òun láṣìírí.

Gàzálì kò já ẹnikẹ́ni nírọ́, nítorí ìyìn kì í sú u. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n bí onímọ́tò bá ní kó kọ "Ọlọ́run Tó," orúkọ Gàzálì tí yóò kọ sábẹ́ rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju ti Ọlọ́run lọ. Lóṣooṣù ló tún ń ya ìwé kọ́míìkì olójú-ewé mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nílé fọtokọ́pì, tí èrò ọkọ̀ Benin ń rà mọ́ gúgúrú. Kògbẹ̀bẹ̀ ni akọni inú rẹ̀: olójú kan, oníkóòtù yíya, sípánà táyà léjìká. Kì í ṣe ọmọlúàbí. A máa jí ẹran nínú ìkòkò olóúnjẹ, a sì máa gbá ènìyàn létí kó tó kí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbá aninilára mú, ẹ̀bẹ̀ kì í wọ̀ ọ́ létí. Nínú ìwé kejì, ó fi sípánà fọ́ ọwọ́ ọlọ́pàá kan tó ń fìyà jẹ awakọ̀, àtọ̀tún àtòsì. Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́ títí. Ohun kan ṣoṣo ló fi dá wọn lóhùn: "Orúkọ mi ńkọ́?"

Gáréèjì mì tìtì. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ń fi í jà, ìyàwó ń fi í dá ọkọ lóhùn. Kò pẹ́ tí Kògbẹ̀bẹ̀ fi wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì mọ́kànlélógún.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi Gàzálì ni ibi tó ti rí i.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Karimat, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, wọ bọ́ọ̀sì Adégbóyè láti lọ ra epo pupa ní Ajue. Adégbóyè ti mu ife paraga mẹ́ta kó tó jókòó sídìí ọkọ̀. Wọ́n kọjá Odigbo díẹ̀, ọkọ̀ wọgbó. Adégbóyè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Aṣọ ni wọ́n fi bo Karimat. Lọ́jọ́ kẹta, Alhaji Àbdùlràhmọ̀n, alága gáréèjì, kó àgbà mẹ́rin wá sílé Gàzálì pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan.

"Gàzálì, kádàrá ni. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, má jẹ́ kó dé ilé ẹjọ́. Wo irùngbọ̀n mi. Ṣé èmi ló yẹ kó wà lórí ìkúnlẹ̀ yìí?"

Ta ni yóò rí irùngbọ̀n funfun lórí ìkúnlẹ̀ kó ní rárá? Gàzálì wo ìrẹsì, ó wo àwọn àgbà, ó ní, "Ó ti tán." Adégbóyè dì mọ́ ọn, ó sunkún sí i léjìká. Paraga ṣì ń rùn lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún kẹta ni Kògbẹ̀bẹ̀ jáde. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì tuntun tí Adégbóyè rà ni Gàzálì kọ́kọ́ yà á sí.

Nígbà tó wá di ìwé keje, Gàzálì ya ohun tó ti fẹ́ yà láti ìbẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ kan mu paraga, ó pa obìnrin kan, àwọn àgbà kó ìrẹsì wá. Kògbẹ̀bẹ̀ wo ìrẹsì, ó wo irùngbọ̀n funfun, ó bi wọ́n léèrè orúkọ ara rẹ̀, ó sì fọ́ ọwọ́ awakọ̀ náà, àtọ̀tún àtòsì.

Kó tó di ọ̀sán, Joshua, awakọ̀ ọ̀nà Araromi-Obu, ti dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ká ìwé náà lọ́wọ́ bí ẹni fẹ́ fi pa eṣinṣin.

"Ọ̀gá Gàzálì, kí ni mo fi ṣe yín? Fìlà yìí, fìlà ta ni? Eyín yìí ńkọ́? Èmi lẹ yà!"

"Joshua, ìwọ lo sọ lọ́jọ́sí pé ìwọ ni Kògbẹ̀bẹ̀."

"Ìyẹn nígbà tó ṣì ní làákàyè! Ẹni tó ń gbèjà wa, òun ló wá kojú ìjà sí wa?"

"Nígbà tó fọ́ ọwọ́ ọlọ́pàá, ṣebí ìwé márùn-ún lo rà."

"Ọ̀tọ̀ ni ọwọ́ ọlọ́pàá."

"Ọwọ́ kọ́ ni?"

"Awakọ̀ yìí bẹ̀bẹ̀! Ó ní òun lọ́mọ nílé! Kí ló dé tí kò gbẹ̀bẹ̀?"

"Kògbẹ̀bẹ̀ lorúkọ ẹ̀."

"Kó yí i padà!"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, awakọ̀ mẹ́tàdínlógún ti búra pé àwọn ni Gàzálì yà. Àwọn tó ń du ojú kan Kògbẹ̀bẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń du fìlà ọ̀mùtí. Lórí Wásáàpù, gúrúùpù "Ọmọ Kògbẹ̀bẹ̀" yí orúkọ padà sí "Kògbẹ̀bẹ̀ Gbọ́dọ̀ Tọrọ Àforíjì." Wọ́n ní ìkà ni, wọ́n ní olè ni, ó ń jí ẹran, ẹran tó ti ń jí láti ìwé kìn-ín-ní, tí gbogbo wọn ń fi rẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì wá ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kí Gàzálì fi ọ̀dà pa àwòrán rẹ̀ rẹ́.

Adégbóyè nìkan ni kò bínú. Ó wá kí Gàzálì ní ṣọ́ọ̀bù, ife lọ́wọ́.

"Ọ̀gá mi, ẹ má dá wọn lóhùn. Ìwé keje ló dùn jù. Irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣé ọwọ́ nìkan ló yẹ kí wọ́n fọ́? Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Gàzálì wo ojú rẹ̀ títí, ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀, bóyá ìtìjú, bóyá ìrántí lásán. Ojú náà mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Alhaji Àbdùlràhmọ̀n dé, àgbà mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Ìrẹsì wà, ṣùgbọ́n ìdajì àpò ni, nítorí ẹni inú ìwé lọ̀rọ̀ kàn.

"Gàzálì, ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni. Awakọ̀ yẹn ti jìyà tó."

"Baba Alhaji, awakọ̀ wo?"

"Tinú ìwé náà ni. Sọ fún ọmọkùnrin onísípánà yẹn kó lọ tọrọ àforíjì. Wo irùngbọ̀n mi."

Ó kúnlẹ̀. Orúnkún kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Bàbá náà kò sì rántí.

Gàzálì lanu láti dárúkọ Karimat. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni ti kí i ní "Ọ̀gá Ayàwòrán" gbẹ̀yìn, olóúnjẹ pàápàá kò fi ẹran ṣe ènì fún un mọ́, ká sì sòótọ́, ìyẹn náà ń dùn ún. Ó ní, "Ó ti tán."

Nínú ìwé kẹjọ, Kògbẹ̀bẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú awakọ̀ náà, sípánà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí igi ìdáná. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni Gàzálì yà; kò lè ya ojú. Àwọn àgbà gbóríyìn fún un. Kò sẹ́ni tó rà á.

"Ìyá àgbà wo rèé?" ni Joshua ń bi gbogbo gáréèjì. "Kògbẹ̀bẹ̀ tí mo mọ̀ kì í dọ̀bálẹ̀!"

Lọ́jọ́ Ajé, Adégbóyè gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, èrò Ajue ti kún inú rẹ̀. Ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan ló kù tí Kògbẹ̀bẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Omijé ń bẹ lójú ọkùnrin náà.

"Ọ̀gá Gàzálì, ẹ já mi kulẹ̀. Ẹni tó mutí tó pa ọmọ ọlọ́mọ, òun lẹ dárí jì? Ẹ̀rí ọkàn ò dà yín láàmú?"

Adégbóyè nawọ́ sí àwòrán ẹ̀yìn ọkọ̀ náà.

"Ẹ pa á rẹ́. N ò lè máa gbé ojo kiri."

Gàzálì mú búrọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó pa kóòtù rẹ́, ó pa sípánà rẹ́. Nígbà tó kan ojú kan yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Gbogbo ariwo tí wọ́n ti ń pa lórí ẹni tó ni ojú náà, òun nìkan ló mọ̀ pé inú fọ́tò Karimat lòun ti wò ó yà.

"Ẹ ṣe kíá, èrò ń dúró," ni Adégbóyè wí. Ó ti gba ife kan lọ́wọ́ alágbo ẹ̀gbẹ́ títì.

Gàzálì pa ojú náà rẹ́.

Adégbóyè da ife sọ́nà ọ̀fun, ó nu ẹnu, ó fọwọ́ kan Gàzálì léjìká jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti dárí jini. "Ó ti tán," ó ní.

Bọ́ọ̀sì yí sí ọ̀nà Odigbo, ọ̀dà tútù ń kán lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo òfìfo lé itan. Gàzálì gbé ọwọ́ sókè, ó la ẹnu láti kígbe. Obìnrin náà rò pé ó ń kí òun pé ó dàbọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì juwọ́ sí i padà.