Ìdajì Péré Ni Mo Fún Un

Ẹ má bínú pé "ó" ni màá fi pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí mi ò ní pè é ní "wọ́n". Ọ̀wọ̀ tó kù tí mo ní fún un ti bá omi ọṣẹ lọ. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa alágbàfọ̀. Àǹtí mi, tó tẹ̀ lé e, ni akápò. Orí àwọn méjèèjì tóbi débi pé á gba fìlà méjì, àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Kí ẹnì kan má baà jí owó, ẹgbẹ́ pín nọ́ńbà àṣírí àkáǹtì sí méjì. Nọ́ńbà mẹ́rin ni. Akọ̀wé mọ méjì àkọ́kọ́, akápò mọ méjì tó kẹ́yìn. Bí a bá fẹ́ gbowó, ọ̀kan á tẹ tiẹ̀ sórí fóònù, á kọjú sí ògiri, kí èkejì tó tẹ tiẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, ká ní kì í ṣe ọwọ́ òmùgọ̀ la fi lé.

Lóṣù yẹn, èmi ló kàn láti yáwó, ojú Màmá wa ni mo fẹ́ fi tọ́jú. Dókítà ní bí a ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà kí oṣù tó parí, ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀ á lọ pátápátá. Ọjọ́ Ẹtì la máa gbowó.

Àwọn àgbààyà méjì yìí kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́ta. Nítorí kí ni? Áyọ́ọ̀nù! Àǹtí yá áyọ́ọ̀nù Bọ̀ọ̀dá, kò dá a padà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Lọ́jọ́rú, aláǹgbá pe Bọ̀ọ̀dá.

Ẹnu ara ẹ̀ ló fi rò ó fún mi. Ẹni náà ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, láti báńkì ni. Wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì ẹgbẹ́ yín pa. Ẹ ka nọ́ńbà àṣírí yín fún wa."

"Sà" yẹn ló pa á. Ó ní, "Méjì ni mo mọ̀." Ó sì kà á. "Akápò ló mọ èyí tó kù, nọ́ńbà fóònù ẹ̀ nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá pè é, ẹ bá mi sọ fún un pé kó dá áyọ́ọ̀nù mi padà."

Ẹ gbà mí o! Ẹni tí ò lè pe àbúrò ẹ̀, ó rán olè sí i.

Olè náà jíṣẹ́, ó mà ṣèèyàn o. Àǹtí ní òun kọ́kọ́ fura, àmọ́ bó ṣe dárúkọ áyọ́ọ̀nù báyìí, ara òun balẹ̀. "Tí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ báńkì gidi, báwo ló ṣe máa mọ̀ nípa áyọ́ọ̀nù?" Ó ka méjì tiẹ̀, ó tún ní kí wọ́n sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé áyọ́ọ̀nù ti jóná. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àkáǹtì ti gbẹ táútáú. Báńkì ní owó ti kọjá ibi tí ọwọ́ àwọn lè tó o.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn méjèèjì wá sílé mi. Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni wọ́n bá wá, ìjà ni.

"Ìdajì péré ni mo fún un!" Bọ̀ọ̀dá pariwo.

"Èmi náà, ìdajì ni!"

"Ìwọ lo parí ẹ̀!"

"Ta ló fún un ní nọ́ńbà mi?"

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdajì àti ìdajì, kí ló ń jẹ́?" Ìtìjú ò sí lójú ẹyọ kan nínú wọn.

Màmá, tí wọ́n jókòó lẹ́bàá fèrèsé, na ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́ ná. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń bá ara yín sọ̀rọ̀ yẹn?"

Bọ̀ọ̀dá wo Àǹtí, Àǹtí wo ilẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ máa sọ ọ́ lọ. Tojú mi lè dúró."

Kò lè dúró. Létí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni dókítà ti sọ ọ́. Mo fẹ́ bú àwọn méjèèjì, mo bá wo Màmá. Ibi tí kò sẹ́nì kankan ni Màmá kọjú sí, wọ́n rò pé àwọn ọmọ wọn méjèèjì ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí.