Oúnjẹ Mọ́tò ní Sẹ̀kọ̀nà

“Ọ̀gá akọ̀wé, garawa yìí ń jò sí mi lọ́rùn o!”

Olúgbénga, akọ̀wé Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. “Lá a. Ṣebí epo ni. Rìn, jàre!”

Àtàndá ń rìn lábẹ́ garawa náà. Sìmbíátù, ìyàwó rẹ̀, ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú igbá ẹ̀kọ, nítorí ìjọba kì í bọ́ ẹni tó bá fi túláàsì rán níṣẹ́. Akọ̀dà ló wọ agboolé wọn tó nawọ́ sí Àtàndá. Ẹni tó ní àgùntàn ti fi àgùntàn bá akọ̀dà sọ̀rọ̀. Ó wà nílé.

Nígbà tí rélùwéè já àwọn garawa náà sílẹ̀ ní Ẹdẹ, inú àpótí pákó ni wọ́n wà, méjì méjì. Olúgbénga ní kí káfíńtà òun tú àwọn àpótí náà.

“Pákó ló ń mú ẹrù wúwo,” ó ní. “Àánú yín ló ṣe mí.”

Àwọn aláàárù dúpẹ́. Sìmbíátù náà dúpẹ́. Lójú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ru pákó náà lọ sílé akọ̀wé. Ìṣó tí káfíńtà fi ipá fà yọ ló dá ìdí garawa Àtàndá lu.

“Mọ́tò Ajẹ́lẹ̀ á yó bámúbámú kúrò n'Íbàdàn,” ni Olúgbénga ń sọ fún akọ̀dà lójú ọ̀nà, “ṣùgbọ́n ohun tó wà níkùn rẹ̀ kò lè gbé e dé Iléṣà kó tún gbé e padà. Sẹ̀kọ̀nà ló ti máa mu epo mìíràn. Bí kò bá bá a níbẹ̀, òkú irin ni.”

“Ẹṣin ń jẹ koríko ẹ̀bá ọ̀nà,” ni Àtàndá wí lábẹ́ ẹrù. “Eléyìí, èèyàn ló ń ru oúnjẹ ṣáájú rẹ̀.”

Àwọn aláàárù bú sẹ́rìn-ín. Pàṣán ni akọ̀dà fi dáhùn.

Ọyẹ́ ń fẹ́. Kí wọ́n tó dé Sẹ̀kọ̀nà, epo ti rin òṣùká Àtàndá, ó ti rin dàńṣíkí rẹ̀ dé ìdí. Epo náà tutù ju omi odò lọ. Eyín ọkùnrin náà ń gbá keke. Epo fìtílà ni Sìmbíátù mọ̀, èyí tí wọ́n fi ń ra ẹsẹ̀ tó bá wú, tí kì í tètè gbaná bí kò bá rí òwú. Òun náà ló rò pé ó wà lára ọkọ òun.

“Baba Sàrátù, ẹ sún mọ́ iná, kí aṣọ yín gbẹ.” Ó fà á lọ́wọ́ lọ síbi ààrò alákàrà kan.

Àtàndá kò tíì dé ìdí ààrò tí iná fi fò mọ́ ọn. Sìmbíátù ń fọwọ́ lù ú, ó ń bu iyẹ̀pẹ̀ dà á lára.

“Ẹ gbé garawa!” ni Olúgbénga ń ké. “Ẹ sáré gbé garawa kúrò níbẹ̀!”

Gbogbo wọn sáré gbé garawa.

Mọ́tò dé lọ́sàn-án. Ó mu epo yó, ó fọn fèrè, ó lọ. Ẹní ni wọ́n fi gbé Àtàndá padà, ẹ̀mí rẹ̀ sì bọ́ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n gbẹ́ sàréè tán, àwọn ará ilé ń wá pákó tí wọ́n máa tò bo òkú, kí iyẹ̀pẹ̀ má baà kàn án. Olúgbénga gbọ́. Díẹ̀ ṣẹ́ kù lára èyí tí káfíńtà fi kan kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó ní kí akọ̀dà rù ú lọ.

“Akọ̀wé ní ẹ má ṣe ìyọnu owó,” ni akọ̀dà wí. “Àánú yín ló ṣe wọ́n.”

Sìmbíátù fi ọwọ́ tó jó kan pákó náà. Ihò ìṣó ṣì wà lára rẹ̀.

“Ṣebí wọ́n ní ó wúwo,” ó ní.

Àwọn ará ilé gbé pákó náà lọ, wọ́n tò ó lé Àtàndá lórí, ó sì bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.